Kí Àgbàrá Tó Dé Ẹnu Ọ̀nà: Ìtọ́sọ́nà fún Ìgbà Òjò Ńlá àti Omíyalé

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. Onílé tí kò fẹ́ gbà fún un gbọ́dọ̀ mọ ohun kan: ọ̀pọ̀ ẹni tí omíyalé ń pa kì í ṣe ẹni tí omi bá lórí ibùsùn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n wọ inú omi lọ. Àwọn kan wa ọkọ̀ sí i, àwọn kan fẹsẹ̀ wọ́ ọ, àwọn mìíràn sì ti bọ́ tán kí wọ́n tó tún padà lọ gbé ẹrù. Àjọ CDC, tó ń rí sí dídènà àrùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sọ pé nínú àwọn tó ń kú sómi nígbà ìkún omi lọ́hùn-ún, ó lé ní ìdajì tó jẹ́ pé ọkọ̀ ni wọ́n wa wọ inú ewu. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ fi jẹ́ ìpinnu tí ẹ máa ṣe nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ. Nígbà tí omi bá ti ń ru, kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀ ro nǹkan dáadáa mọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ibi tí omi ń gbà

Òjò mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, lítà omi kan ni. Tí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó kìlómítà kan níbùú lóròó, omi náà ti di lítà mílíọ̀nù 50, gbogbo rẹ̀ ló sì máa wá ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ. Kọnkéré àti títì ọlọ́dà kì í fa omi mu, ìdí nìyẹn tí àárín ìlú fi máa ń tètè kún ju oko lọ.

Ẹ jáde lọ wo àdúgbò yín ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀. Apá ibo ni ilẹ̀ ti rẹlẹ̀? Kòtò wo ló ń gba omi òpópónà mẹ́ta mọ́ra? Ẹ wo ara ògiri àtijọ́ àti òpó afárá bóyá ilà tí omi fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wo koríko gbígbẹ àti ọ̀rá tó há sára wáyà ọgbà: ibi tó há sí yẹn ni omi ga dé. Ẹ bi àwọn tó ti pẹ́ ládùúgbò, torí ẹni tó ń ta ilẹ̀ tàbí tó ń wá ayálégbé kò ní í sọ ọ́ fún yín.

Bí odò bá wà nítòsí, ẹ wádìí bóyá ìsédò wà lókè rẹ̀. Òjò lè má kán sílẹ̀ rárá níbi tí ẹ wà kí omi tó dé bá yín, nítorí òkè odò lọ́hùn-ún ló ti rọ̀. Ní ìlú Derna ní Líbíà, oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìsédò méjì ló ya lóru, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni omi sì gbé lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ọ̀nà méjì tó lọ sí ibi gíga, èyí tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn láìgba orí afárá kankan kọjá. Ẹ kó gbogbo ilé dání kí ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀ nínú ilé kò tíì di ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan àmì ìlọ

Bí ẹ kò bá ní ráyè ṣe ohun mìíràn nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ ṣe èyí. Ẹ yan ohun kan tí gbogbo ará ilé lè rí láti ẹnu ọ̀nà: àtẹ̀gùn kejì, búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lára ọgbà, etí kòtò iwájú ilé. Kí ẹ fẹnu kò pé bí omi bá ti kan ibẹ̀, àríyànjiyàn ti parí, ẹ ti ń lọ nìyẹn. Omi kì í gòkè ní ìwọ̀n kan náà. Ó lè jókòó sójú kan fún wákàtí kan, kó sì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ dé orúnkún. Ẹni tó ń sọ pé “ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó” yóò máa wò ó títí ọ̀nà yóò fi dí.

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, oríṣi ìkìlọ̀ méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí omi kún. Ìgbà yẹn ni kí ẹ di báàgì, kí ẹ sì gba iná sí fóònù. Èkejì ń sọ pé omi ti ń kún tàbí pé ó kù díẹ̀. Ìyẹn ni pé kí ẹ dìde. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀mí yín sọ́wọ́ ìkìlọ̀ nìkan. Ní agbègbè Valencia ní Sípéènì, ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2024, aago mẹ́jọ alẹ́ ti kọjá kí ìkìlọ̀ tó wọlé sórí fóònù àwọn ará ìlú, bẹ́ẹ̀ omi ti bo àwọn ìlú kan ṣáájú àkókò náà. Ó lé ní 200 ènìyàn tó kú, àwọn kan sì wà nínú wọn tó jẹ́ pé ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ láti gbé mọ́tò wọn jáde.

Bí wọ́n bá ti ní òjò ńlá máa rọ̀ lóru, tí ilé yín sì wà ní ojú omi, kí ẹ kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Òkùnkùn kì í jẹ́ kí a mọ bí omi ṣe jìn tó.

Àwọn kan wà tí wọn ò gbọ́dọ̀ dúró de àmì náà rárá. Ẹni tó ń sùn ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni àkọ́kọ́. Nígbà tí ìjì Ida gbé òjò dé New York ní ọdún 2021, 11 nínú àwọn 13 tó kú nínú ìlú náà, yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n wà. Lẹ́yìn wọn ni aboyún tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti súnmọ́, arúgbó, ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, àti ẹni tí ẹ̀rọ tó ń lo iná ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró. Ní Sinzig ní Jámánì, oṣù keje ọdún 2021, ènìyàn 12 tó ní ìpèníjà ara ló kú nínú ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn, nítorí omi dé kí wọ́n tó rí wọn kó sókè tán. Nítorí náà, ẹ má kàn sọ pé “a máa ràn wọ́n lọ́wọ́.” Ẹ sọ orúkọ: lágbájá ló máa gbé ìyá, tàmẹ̀dù ló máa mú oògùn wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Báàgì àti ilé

Báàgì kan tó ṣeé gbé kọ́ ẹ̀yìn tó. Àwọn ìwé pàtàkì (ìwé ìbí, ìwé ilẹ̀, káàdì ìdánimọ̀, ìwé oògùn) wọ inú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ sì ya àwòrán wọn sórí fóònù. Oògùn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, ó kéré tán ti ọ̀sẹ̀ kan. Tọ́ọ̀ṣì, páwà báǹkì, rédíò kékeré tó ń lo bátìrì, fèrè ìfọn, owó díẹ̀, aṣọ gbígbẹ, ohun èlò ọmọ ọwọ́. Omi mímu lítà mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Èyí wúwo, nítorí náà ibi gíga ni kí ẹ gbé e sí ṣáájú. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọn ẹbí sórí ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ mọ̀ ọ́n sórí, ẹ gbìyànjú rẹ̀ báyìí láìwo fóònù.

Ẹ ko kòtò kí òjò tó rọ̀, kí ẹ sì kó ìdọ̀tí rẹ̀ jìnnà sí etí rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òjò àkọ́kọ́ ni yóò dá a padà. Bí omi bá ti ń sáré nínú kòtò, ẹ fi í sílẹ̀. Ọwọ́ omi tó ń wọ ihò abẹ́ títì lágbára tó láti fa ènìyàn wọlé.

Àpò yanrìn dára, àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń fà á kí omi má tètè wọlé ni, kì í dí omi pátápátá. Ẹ rọ yanrìn sí i dé ìdajì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má kún un bámú, kó lè bá ilẹ̀ mu. Ẹ ká ẹnu rẹ̀ sábẹ́, kí ẹ tò ó bí bírìkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, kí ti òkè máa bo ojú ibi tí ti ìsàlẹ̀ ti pàdé. Ọ̀rá ńlá tí ẹ bá tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ní ìhà tí omi ti ń bọ̀ máa ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Bí omi bá ti ń ga ju orúnkún lọ níta, ẹ yéé jà mọ́ ọn: omi tó ga níta tí kò rí inú wọ̀ lè ti ògiri wó.

Ẹ pa iná mànàmáná láti orísun rẹ̀ kí ẹ tó jáde, bó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ẹ máa dúró sí. Bí ẹ bá ní láti wọ́ omi kí ọwọ́ yín tó kan síwíìṣì náà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ti gáàsì ìdáná, kí ẹ sì fi okùn so sìlíńdà rẹ̀ mọ́ nǹkan tó dúró ṣinṣin, torí ó máa ń léfòó. Bẹ́tìrì ínfátà, pẹtiróòlù, oògùn kòkòrò, gbogbo wọn lọ sókè.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bí omi bá ti dé

Sẹ̀ntímítà 15, tí kò tilẹ̀ dé àárín ojúgun, tó láti gbé àgbàlagbà ṣubú bí omi náà bá ń sáré. Sẹ̀ntímítà 30 lè mú kí ọkọ̀ kékeré léfòó. Sẹ̀ntímítà 60 ń gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ, jíìpù náà wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń wa jíìpù ni kò máa ń gba èyí gbọ́, bẹ́ẹ̀ taya ńlá tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ gan-an ń bá omi ṣiṣẹ́ ni. Ohun tó tún burú ni pé ojú omi kò sọ ohun tó wà nísàlẹ̀: ó lè ti gbá títì náà lọ, ó sì lè ti ṣí ìdérí kòtò. Ọkọ̀ tó ṣáájú kọjá kì í ṣe ẹ̀rí fún tiyín. Ẹ yí padà.

Bí ọkọ̀ bá kú sínú omi tó ń gòkè, ẹ jáde kíá, kí ẹ bọ́ sí ibi gíga. Bó bá ti ń léfòó, ẹ má kọ́kọ́ pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù, nítorí àkókò tí ẹ ní kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé: ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ wálẹ̀ kí omi tó dé ibẹ̀, ẹ ti àwọn ọmọ jáde, àgbà nínú wọn ṣáájú, kí ẹ̀yin náà jáde. Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn, omi yóò ya wọlé, ọkọ̀ yóò sì rì. Bí gíláàsì kò bá yí, ẹ fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu igun rẹ̀, ẹ má lu àárín. Gíláàsì iwájú kò ṣeé fọ́, ẹ má fi agbára ṣòfò sí i.

Bí omi bá gbé ènìyàn, kó dọ̀bálẹ̀ kọ́ o: kó fẹ̀yìn lélẹ̀ ni, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáájú síbi tí omi ń lọ, kó lè fi ẹsẹ̀ ti òkúta àti igi dànù. Kó má gbìyànjú láti dìde dúró nínú omi tó ń sáré, nítorí ẹsẹ̀ lè há sáàárín òkúta kí omi sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kó máa fi ìdàgẹ̀rẹ̀ wẹ̀ lọ sí bèbè, kó má kọjú ìjà sí omi.

Bí ẹ bá há sínú ilé, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Ẹ má wọ inú àjà tí kò ní ojú ihò; omi ti lé àwọn ènìyàn débẹ̀ rí tí wọn kò rí ọ̀nà jáde. Bó bá di dandan kí ẹ wọ àjà, ẹ mú àáké tàbí òòlù dání. Orí òrùlé ni ibi ìkẹyìn, nítorí mànàmáná òjò. Aṣọ pupa tàbí funfun lójú fèrèsé, tọ́ọ̀ṣì lóru, fèrè léraléra.

Wáyà iná tó já sílẹ̀, bó ṣe wù kó rí, ẹ kà á sí pé iná wà nínú rẹ̀. Ẹ jìnnà sí i tó mítà 10, kí ẹ sì jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ bí omi bá wà nílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Pípe ìrànlọ́wọ́

Ẹ wá nọ́ńbà pàjáwìrì ibi tí ẹ ń gbé nísinsìnyí kí ẹ fi í sórí fóònù. 112 ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, kì í ṣe gbogbo wọn. Bí wọ́n bá gbé e, ibi tí ẹ wà ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, kí ẹ tó máa sunkún, nítorí ìlà lè já nígbàkigbà. Òpópónà, nọ́ńbà ilé, ohun ńlá tó wà nítòsí. Ẹ wá sọ iye yín, bóyá ọmọdé tàbí ẹni tí kò lè rìn wà láàárín yín, ibi tí omi dé, àti bóyá ó ṣì ń gòkè. Bí ìpè kò bá lọ, ẹ kọ àtẹ̀jíṣẹ́. Ó sábà máa ń wọlé nígbà tí ohùn kò bá lè wọlé. Fóònù kan ṣoṣo ni kó wà ní títàn, kí ẹ pa ìyókù. Ohùn tí ẹnì kan gbà sílẹ̀ tó ní “ìsédò ti ya o,” tí kò sọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ, ẹ má fi ránṣẹ́ síwájú. Ó ti lé àwọn ènìyàn sójú ọ̀nà tí ewu wà rí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ẹlòmíràn bá wà nínú omi

Ẹ má bẹ́ sí i. Ó máa ń dun ènìyàn láti gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n olùgbàlà tí omi gbé lọ ti sọ òkú kan di méjì. Ẹ pariwo sí ẹni náà kó mọ ibi tó máa kọjú sí. Ẹ dùbúlẹ̀ sórí ikùn ní bèbè kí ẹ na igi gígùn tàbí aṣọ lílọ́ sí i. Bí ọwọ́ kò bá tó o, ẹ ju okùn sí i, tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ẹ ti dé ẹnu rẹ̀ pa tí ẹ sì so okùn mọ́. Ẹ ju ohun náà sí òkè ibi tó wà kí omi gbé e bá a. Kí ẹnikẹ́ni má so okùn mọ́ ìbàdí ara rẹ̀.

Bí ẹ bá fà á jáde tí kò mí, ẹ gbé e tẹ́ ilẹ̀ líle, kí ẹnì kan pe ìrànlọ́wọ́. Ẹ má gbé e dorí kodò, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀. Ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ di imú rẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ nígbà 30, kó wọlé tó sẹ̀ntímítà 5 fún àgbàlagbà, ní ìwọ̀n 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún fẹ́ atẹ́gùn méjì sí i. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa gbà á lọ́wọ́ ara yín, nítorí ó ń rẹ ènìyàn kíá. Ẹni tí omi ti wọ àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń sọ̀rọ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń darí àdúgbò tàbí ilé ẹ̀kọ́

Iṣẹ́ yín bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọsílẹ̀: ilé wo ni arúgbó ń dá gbé, ilé wo ni ọmọ ọwọ́ wà, ta ló ní ọkọ̀ ojú omi tàbí okùn. Ẹ pín àdúgbò sí ẹ̀ka kéékèèké, kí ẹnì kan máa ka orí ilé mẹ́wàá. Bí omi bá bo ojú títì, ẹ fi ènìyàn sí ìhà méjèèjì láti dá ọkọ̀ padà. Àgbá àti igi nìkan kò tó, awakọ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀ gbé e kúrò.

Ilé ẹ̀kọ́ kò gbọ́dọ̀ lé ọmọ sílé lásìkò tí òjò ń rọ̀ kíkan kíkan. Kí wọ́n kó wọn lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó fa ọmọ lé òbí lọ́wọ́.

Ní ibi ìsádi, ẹ ya ilé ìgbẹ́ obìnrin sọ́tọ̀, kí iná wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wọlé, kí ọmọ má ṣe sọnù mọ́ ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Lẹ́yìn tí omi bá fà

Ẹ má padà kí àwọn aláṣẹ tó ní kí ẹ wá. Ẹ yí ilé náà po lóde ná: ògiri tó là, ilẹ̀ tó jìn, òórùn gáàsì. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ má tan iná, ẹ má fọwọ́ kan síwíìṣì. Oníṣẹ́ iná ló yẹ kó tan iná ilé padà. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà níta, ó kéré tán mítà 6 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Èéfín rẹ̀ ní májèlé tí kò lóòórùn, ó sì ń pa àwọn tí omi kò pa. Ẹ ya àwòrán gbogbo ohun tó bàjẹ́ kí ẹ tó kó o dànù. Ẹ wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi igi rọ́ ẹrù kí ẹ tó gbé e, torí ejò náà ń wá ibi gbígbẹ. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, nítorí láàárín wákàtí 24 sí 48, èèbu ti lè bẹ̀rẹ̀ sí hù lára ohun tó tutù.

Oúnjẹ tí omi náà kàn, ẹ dà á nù. Omi mímu ẹ gbọ́dọ̀ sè é, kó máa hó kùkù fún ìṣẹ́jú kan (mẹ́ta bí ibẹ̀ bá ga ju mítà 2,000 lọ). Bí kò bá sí iná, ẹ kán blíìṣì tí kò ní lọ́fínńdà, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá márùn-ún sí mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀kán méjì sí lítà omi tó mọ́ kan, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Omi tí pẹtiróòlù tàbí kẹ́míkà ti wọ̀, sísè kò lè tún un ṣe.

Onígbáméjì ń tẹ̀lé omíyalé. Ẹni tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ bu lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí ẹ gé lórí, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ojú egbò tí omi náà kàn, ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ìtọ̀ eku inú omi náà tún máa ń fa àìsàn kan tó ń jẹ́ leptospirosis, ó sì lè tó oṣù kan kó tó fara hàn: ibà, orí fífọ́, ojú pípọ́n, kí ẹran ojúgun máa dunni. Ó jọ ibà lásán, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ní in lásìkò yẹn, kó sọ fún dókítà pé òun wọ́ omíyalé, kó tó dá oògùn ibà rà.